Ọ̀dà Géètì Lórí Àga Dírẹ́bà

Kìlánkò, alága gáréèjì, pàṣẹ pé kí Wúlẹ̀mọ́tù kun ògbólógbòó ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ kí ilẹ̀ ọ̀la tó mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun yóò gbẹ́sẹ̀ lé e. Agolo ọ̀dà géètì kékeré kan ṣoṣo ni agbára obìnrin náà ká, kò sì lè kárí ilẹ̀kùn méjì, ni ó bá fi gbogbo rẹ̀ kun àga dírẹ́bà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Kìlánkò dé nínú agbádá funfun. "Wúlẹ̀, o ò kùn ún. Sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ ti di tèmi." "Ẹ wọlé, Alága. Ẹ kàn rọra jókòó. Ọ̀dà géètì kì í tètè gbẹ." Alága wo àga, ó wo agbádá. "Tó bá ti gbẹ, màá wá gbé e." "Ẹ ṣé, sà. Ẹ jẹ́ kí n wà á lọ sọ́jà, kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i." Ó fi aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ jókòó lé ọ̀dà náà, ó wakọ̀ lọ. Láti ọjọ́ yẹn, àràárọ̀ ni Wúlẹ̀mọ́tù ń tún àga náà kùn, àràárọ̀ sì ni Alága ń béèrè bóyá ó ti gbẹ.