Ẹkùrọ́ Òkété àti Eyín Ìjímèrè

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọ, èmi ò mọ nǹkan kan o. Mo kàn mọ̀ pé àlọ́ mi yí gbirigbiri, ó bọ́ sẹ́nu Òkété.

Láti kékeré ni Òkété ti ń kó ẹkùrọ́ sínú ihò de ọjọ́ ogbó. Bí Ìjímèrè bá ń rún orín láràárọ̀, Òkété a máa fi í ṣẹ̀sín: "Ọ̀lẹ, igi lò ń jẹ!"

Ogbó dé, ihò kún. Òkété ki ẹkùrọ́ bọnu, eyín mì. Ó tún gbìyànjú, eyín ká. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta, ìyókù bọ́ sílẹ̀. Ebi wá fẹ́ pa á lórí àká oúnjẹ! Ó forin bọnu, ẹ bá mi gbè é:

"Ìjímèrè, gbà mí o!"

Kànkà o, kànkà!

"Ẹkùrọ́ ń wò mí o!"

Kànkà o, kànkà!

Ìjímèrè rẹ́rìn-ín dé, gbogbo eyín rẹ̀ ṣì pé. "Baba Ọlọ́rọ̀, ṣé kí n sọ igi mi nù ná?" Ó rún ẹkùrọ́ kan kúnná fún Òkété, ó ju ọ̀kan sẹ́nu ara rẹ̀, àwọn méjèèjì sì ń jó.

Nínú wọn, ta ló fi nǹkan pamọ́?