Fáànù Ìyá Àgbà

Ìjọ́ kẹta rèé tí Oyèdìran oníṣẹ́ iná ti ń gun àkàbà nítorí fáànù Ìyá Àgbà, tí ooru ò jẹ́ kó sùn mọ́. Ó pààrọ̀ wáyà òkè àjà, fáànù ò yí. Ìyá Àgbà fúnra rẹ̀ jókòó sórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri.

"Sọ̀ kalẹ̀, ọmọ mi," ni màmá wí. "Bí o bá ti tẹ súìṣì òkè orí mi yìí, nǹkan kan a máa ké bí ìrẹ̀ nínú rẹ̀."

Oyèdìran pa iná ilé, ó tú súìṣì. Wáyà kan ti jóná níbẹ̀. Ó tún un ṣe, fáànù yí, atẹ́gùn gbé etí gèlè màmá.

Oyèdìran dọ̀bálẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń gbọ́ pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i bó gun orí igi. Ṣùgbọ́n ọdún kẹwàá rèé tí ojú Ìyá Àgbà ti fọ́.