Ẹni Tí Kò Ké

Ní ìlú Òkè-Amọ̀, obìnrin kan wà láyé àtijọ́ tó ń jẹ́ Ewégbèmí. Eegun títò ni iṣẹ́ ilé baba rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì fúyẹ́ débi pé ẹni tó dá lápá lè máa bá a tàkúrọ̀sọ títí yóò fi to eegun náà tán. Ọmọ kan ṣoṣo ni Olódùmarè fi ta òun àti Ajíbóyè ọkọ rẹ̀ lọ́rẹ. Oyèwùmí ni wọ́n sọ ọ́, ó sì ti dàgbà tó ẹni tó ń gbé ìyàwó.

Lọ́dún kan, Oyèwùmí bẹ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wẹ̀ láti bá a mọ ilé tí yóò gbé ìyàwó náà wọ̀. Akínlàjà wà lára àwọn tó wá. Àlejò ni, kò tíì pẹ́ tó dé ìlú, kò sì ní ìbátan kankan níbẹ̀. Òjò ti wọ ara ògiri ju bí wọ́n ti rò lọ. Bí Akínlàjà àti Oyèwùmí ti ń gbé igi àjà lé e lórí, ògiri dà wó, ó sì bo àwọn méjèèjì mọ́lẹ̀.

Nígbà tí Ewégbèmí fi máa sáré débẹ̀, wọ́n ti hú wọn jáde. Eegun ojúgun Oyèwùmí ti yọ síta, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn, ó sì ń ké pe ìyá rẹ̀. Akínlàjà ní tirẹ̀ nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀, ó kàn ń hanrun ni.

“Ti ẹni yìí sàn,” ni ọkùnrin kan wí. “Ẹ̀rù ló mú kó dákú. Ẹ jẹ́ kó sinmi.”

Ewégbèmí kúnlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀. Ó ti fọwọ́ kan orúnkún rẹ̀ kí ó tó fetí sí bí àlejò náà ti ń hanrun dáadáa. Kò dún bíi ti ẹni tó ń sùn. Yóò fà, yóò há, yóò dákẹ́ pátápátá, kí ó tó tún fà. Obìnrin náà wo ojú rẹ̀, ó rí i pé ètè rẹ̀ ti rí bí ètè ẹni tó mu aró.

Ọkàn rẹ̀ pín sí méjì. Ó já ìborùn rẹ̀, ó ká a, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ọgbẹ́ ọmọ rẹ̀, ó sì fa ọwọ́ Ajíbóyè ọkọ rẹ̀, tó ti sáré dé, lé e.

“Ẹ tẹ̀ ẹ́ gan-an, Bàbá Oyèwùmí. Ẹ má ṣí i wò.”

“Ibo lò ń lọ?”

Ewégbèmí pe ọkùnrin méjì kí wọ́n bá òun yí Akínlàjà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òun fúnra rẹ̀ di orí mú kí ọrùn má baà yẹ̀. Ó fìka kó amọ̀ àti ẹ̀jẹ̀ kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó sì gbé àgbọ̀n rẹ̀ síwájú. Híhanrun náà dákẹ́. Àyà ọkùnrin náà wú, ó rọlẹ̀, ó tún wú.

Ó fi í sílẹ̀ kí ó lè padà sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò tíì nàró tán tí èémí náà fi tún há. Ahọ́n ti ṣubú dí ọ̀nà. Ó fa àgbọ̀n náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ onítọ̀hún yọ̀. Ni Ewégbèmí bá jókòó sílẹ̀, ó di àgbọ̀n náà mú.

“Ìyá mi, ṣé ẹ ò gbọ́ mi ni?” Oyèwùmí ké.

“Mò ń gbọ́ ọ, ọmọ mi. Máa pè mí. Má dákẹ́.” Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ bó ti ń sọ ọ́.

“Ọmọ rẹ kan ṣoṣo ń jẹ̀rora,” ni Ajíbóyè wí, “àgbọ̀n ẹni tí o ò mọ baba rẹ̀ lo wá dì mú.”

“Ẹ ṣáà bá mi tẹ ọgbẹ́ náà.”

Oòrùn ti ń wọ̀ kí Akínlàjà tó wúkọ́, tó bì, tó sì ti ọwọ́ obìnrin náà dànù. Ìgbà náà ni Ewégbèmí tó lọ bá ọmọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti dá, àmọ́ ẹsẹ̀ ti wú débi pé eegun kò gbọ́ràn mọ́. Ó tò ó bó ti lè ṣe é tó. Ọgbẹ́ jinná, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ náà kúrú, Oyèwùmí sì ń tiro.

Fún ìgbà pípẹ́ ni kò bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ ju kíkí lọ. Nígbà tó ṣe, ó bi í pé, “Ìyá mi, ká ní ẹ tètè tò ó, ṣé ǹ bá máa tiro?”

“Ó ṣeé ṣe kí o má tiro,” ni ó fèsì. “N kò ní parọ́ fún ọ. Àmọ́ igbe tí ò ń ké lọ́jọ́ náà ló ń sọ fún mi pé èémí rẹ ń kọjá. Ẹni tí kò ké yẹn ló ti ń lọ sọ́run. Kò gba ojú ọgbẹ́ lọ, ọ̀fun ló ń gbà lọ.”

Akínlàjà, tó ti kọ̀ láti padà sílùú rẹ̀ àfi tí ilé náà bá parí, wà lórí ògiri lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń béèrè amọ̀. Oyèwùmí dìde, ó bu amọ̀ lọ́wọ́ méjèèjì, ó tiro dé ìdí ògiri, ó sì nà án sí i.

Gbogbo ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ewégbèmí lẹ́yìn náà ló ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀fun yìí kí ó tó fọwọ́ kan eegun. Lónìí, wọ̀bìà ni a sábà máa ń fi í kìlọ̀ fún, ṣùgbọ́n ibi tí àwọn àgbà ti rí i nìyí kí wọ́n tó máa pa á lówe pé: “Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run.”