Ojú Bàbá Ìyàwó

Ọkùnrin ayàwòrán kan wà ní Ìkìrun. Amọ̀ ló fi ń mọ orí ènìyàn tẹ́lẹ̀, kí ó tó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà yàwòrán. Nígbà tó mọ̀ ọ́n tán, ó da amọ̀ rẹ̀ sẹ́yìn ilé. Ó ní, “Ta ló tún fẹ́ máa tẹ ẹrẹ̀ kiri?”

Ọmọbìnrin kan tó fẹ́ lọ sílé ọkọ wá bá a. Inú ìyá rẹ̀ ló wà tí bàbá rẹ̀ fi kú, iná sì ti jó gbogbo fọ́tò bàbá náà.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ya bàbá mi. Mo fẹ́ rí ojú rẹ̀ kí n tó kúrò nílé.”

“Báwo ni mo ṣe fẹ́ ya ẹni tí n kò rí rí?”

Omi lé ròrò sójú ọmọ náà. Àánú rẹ̀ ṣe ayàwòrán. Ó ní kí ó lọ pe àwọn tó mọ bàbá rẹ̀ wá.

Ọ̀rẹ́ bàbá náà méjì wá jókòó ti kọ̀ǹpútà. Ọ̀kan ní imú rẹ̀ fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èkejì ní iwájú orí rẹ̀ pá. Bí wọ́n ti ń wí ni ayàwòrán ń pa á rẹ́, tó ń tún un yà, títí àwọn méjèèjì fi pariwo pé, “Òun gan-an nìyẹn!”

Ọmọ náà ní, “Ó ku ìyá mi.”

Ìgbà tí wọ́n fa ìyá lọ́wọ́ wọlé ni ayàwòrán tó mọ̀ pé ojú rẹ̀ ti fọ́. Ìyá na ọwọ́ sí àwòrán náà.

Ó ní, “Ọmọ mi, dígí ni mo fọwọ́ bà. N kò bá ènìyàn níbẹ̀.”

Ayàwòrán dìde. Ó lọ ṣa amọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó bomi rin ín, ó pò ó. Ó ń wo kọ̀ǹpútà, ó ń mọ orí. Ìyá fọwọ́ tọ iwájú orí, ó tọ imú, ó dúró lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́.

“Ibí yìí a máa jin kòtò bó bá ń rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi kì í sì í pẹ́ rẹ́rìn-ín.”

Ayàwòrán fi àtàǹpàkò tẹ ibẹ̀, ó sì gbé igun ẹnu sókè díẹ̀. Ìyá tún fọwọ́ kàn án. Ó bú sẹ́rìn-ín.

“Àlàó! Ibo lo wà látọjọ́ yìí?”

Àwọn ọ̀rẹ́ fò sókè, wọ́n ń jó. Ọmọ náà wo ojú bàbá rẹ̀, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀. Kòtò wà níbẹ̀. Kò mọ ọ̀dọ̀ ẹni tó ti jogún rẹ̀ títí di ọjọ́ náà.

Láti ọjọ́ náà, ayàwòrán kò ya iṣẹ́ amọ̀ àti ti kọ̀ǹpútà sọ́tọ̀ mọ́.

Ìwọ tí mò ń bá sọ̀rọ̀, bí ìmọ̀ tuntun bá dé, fi tọwọ́tẹsẹ̀ gbà á. Ṣùgbọ́n má ṣe tìtorí rẹ̀ kẹ́gàn èyí tó kọ́kọ́ sọ ọ́ dẹni iyì. Ẹnìkan lè máa bọ̀ wá sọ́dọ̀ rẹ tó jẹ́ pé inú ìmọ̀ àtijọ́ yẹn nìkan ni ayọ̀ rẹ̀ wà.