Obìnrin Tí Ọdẹ́yalé Rí Nínú Omi

Ní ìlú Ìgbólómi, níbi tí odò ti ń wọ inú ọ̀sà, ọkùnrin kan wà tí ń jẹ́ Ọdẹ́yalé. Ọdẹ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọdẹ igbó. Irú ẹran kan ṣoṣo ni ó ń dọdẹ, ẹran ńlá inú omi tí ń jẹ koríko bí màlúù, tí ara rẹ̀ dúdú tí ó sì ń dán. Ọyàn méjì wà ní àyà ẹran yìí gẹ́gẹ́ bí ti obìnrin, a sì máa fi apá kúkúrú gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Bí ó bá yọrí tí koríko sì dà bò ó, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè búra pé irun ni. Ọdẹ́yalé mọ̀ ọ́n ní tirẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti fi hàn án láti kékeré.

Ìyàwó rẹ̀ ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Ẹní ni ó ń hun, ẹní rẹ̀ sì dára débi pé kò sí ìyàwó tuntun tí ó fẹ́ sùn lórí ti ẹlòmíràn. Ọdún mọ́kànlá ni ó ti wà nílé ọkọ láìgbọ́ igbe ọmọ tirẹ̀. Àwọn tí ó hun ẹní fún ti bímọ lórí ẹní náà, wọ́n sì ti tún padà wá fún òmíràn. Ọ̀rọ̀ yìí ń jẹ ẹ́ nínú, ṣùgbọ́n kì í sọ ọ́ síta.

Koríko tí àwọn obìnrin ń gé fi hun ẹní pọ̀ ní kọ̀rọ̀ odò kan lẹ́yìn ìlú, ibẹ̀ náà sì ni ẹran Ọdẹ́yalé ti ń jẹun. Wọn a dé tàdá torin, ẹran a sì sá lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, méjì nínú àwọn ọmọge tí ń gé koríko sá wá bá Ọdẹ́yalé. Wọ́n ní àwọn rí obìnrin kan nínú omi tí ó gbé ọmọ mọ́ àyà. Wọ́n bi í pé kí ni àwọn rí, nítorí òun ni ó mọ omi jù ní ìlú.

Gbólóhùn kan péré ni òtítọ́ ìbá gbà á. Ṣùgbọ́n Ọdẹ́yalé wo àdá ọwọ́ wọn, ó ro ti ẹran rẹ̀, ó sì ní ìyá omi ni wọ́n rí, ẹni tí ń fi ọmọ ta àgàn lọ́rẹ, tí kò sì fẹ́ ariwo. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má gé koríko níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí ó rí i pé wọ́n gbà á gbọ́, irọ́ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Ó ní ẹni tí ó bá fẹ́ tọrọ ọmọ, kí ó kó ewé ọ̀dùnkún lọ ní ìdájí ọjọ́ ọjà, kí ó wọ omi dé àyà, kò sì gbọdọ̀ fọhùn, ohun yòówù kí ó bá a. Ẹ̀yin náà mọ ìdí rẹ̀. Ewé ọ̀dùnkún ni ẹran náà fẹ́ràn jù, ìdákẹ́jẹ́ sì ni ọdẹ ń wá.

Báyìí ni àwọn obìnrin ń bá a fún ẹran ní oúnjẹ lọ́jọ́ ọjà, tí òun ń fi ọ̀kọ̀ pa á ní àwọn ọjọ́ yòókù. Àwọn kan nínú wọn lóyún, bí obìnrin ti í lóyún láti ọjọ́ tí ayé ti dáyé, ìyá omi ni ó sì gba ọpẹ́. Àwẹ̀ró kò bá wọn lọ. Ó tijú àtidúró láàárín àwọn tí ó ti hun ẹní ìkúnlẹ̀ fún.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbé oúnjẹ fún ọkọ rẹ̀, kò sì dìde.

"Ọkọ mi, obìnrin inú omi yẹn, ṣé ẹ rí i lóòótọ́?"

Ọdẹ́yalé kò gbójú sókè. "Mo rí i."

"Ṣé ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

"Ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Kí a má purọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ sọ fún un. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé bí Àwẹ̀ró bá gbọ́, gbogbo ahunní ni yóò gbọ́, ni ó bá fi òkèlè tì í padà. Àwẹ̀ró ní òun fẹ́ lọ kí ẹ̀gbọ́n òun lóko, òun yóò ti jáde kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọdẹ́yalé ní kí ó bá òun kí wọn.

Ọjọ́ kejì kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Ìkùukùu bo odò, Ọdẹ́yalé sì lúgọ sórí pẹpẹ igi tí ó kàn sétí omi, ó di ọ̀kọ̀ mú, okùn wà nídìí ọ̀kọ̀. Ó gbọ́ tí koríko ń yà. Ó rí ewé ọ̀dùnkún tí ń rìn bọ̀ lójú omi, ó rí ohun dúdú tí ń dán lábẹ́ rẹ̀. Ó sọ ọ̀kọ̀, ọ̀kọ̀ sì bà á. Kò gbọ́ igbe kankan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn bí ó ti máa ń fà á, ó ń fà á, ó ń fà á, títí ọwọ́ ènìyàn fi yọ, tí ó di ewé mú gírígírí.

Àwẹ̀ró ni. Ọdẹ́yalé bẹ́ sínú omi, ó gbé e mọ́ àyà.

"Ọkọ mi," ni obìnrin náà wí, "mi ò fọhùn o."

Kò sọ òmíràn mọ́. Ọdẹ́yalé gbé òkú rẹ̀ dé ìlú, ó tẹ́ ẹ sórí ẹní tí Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ hun, ó sì jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní kò sí ìyá omi kankan, ẹran lásán ni. Àwọn ará ìlú kò gbà. Wọ́n ní Àwẹ̀ró lọ ní ọjọ́ tí kì í ṣe ọjọ́, ni ìyá omi fi bínú. Ó bá kó wọn lọ sí etí odò, wọ́n sì dúró títí ẹran náà fi yọrí, tí ọmọ rẹ̀ rọ̀ mọ́ ọn láyà. Ọdẹ́yalé nàka sí i pé ẹran náà nìyẹn. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀.

Ó sunkún, ó bẹ̀ wọ́n, kò sí ẹni tí ó dìde. Yèyé Ṣíjúwọlá, olórí àwọn ahunní, nìkan ni ó yíjú sí i.

"Ọdẹ́yalé, àwa wá ọlọ́mọ wá síbí, ọlọ́mọ la rí. Ìwọ tí o wá ẹran, kí lo rí?"

Títí Ọdẹ́yalé fi kú, ó lè jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ kó máa wo omi, kò sì mọ ohun tí òun ń wò mọ́. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà etí ọ̀sà ti ń rí i wí, tí àwa náà fi bá a lẹ́nu wọn, pé ohun tójú wá lojú ń rí.