Ènì Orí Ọsàn

Ìbíwùmí, ọmọ kíláàsì kẹta ní abúlé Ìdí-Ọsàn, kò ya olódo, àmọ́ ọkàn rẹ̀ a máa rìn jìnnà. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà rẹ̀ tó ń ta ọsàn ló ń gbé, òun ló sì máa ń bá a ṣa ọsàn fún oníbàárà. Àní bó bá sùn, ọsàn náà ló máa ń ṣà lójú àlá.

Nígbà ọyẹ́ ọdún kan, Anti Adéọtí, olùkọ́ wọn, pín tábúlẹ́ẹ̀tì fún wọn láti máa fi dáhùn ìṣirò. Bí ọmọ bá ti tẹ ìdáhùn, á yọ sí ti Anti: àwọ̀ ewé fún ẹni tó gbà á, pupa fún ẹni tó ṣì í. Ọ̀gá ilé-ìwé wá ṣòfin pé ọmọ tí pupa rẹ̀ bá pọ̀ jù, kíláàsì kejì ló ń padà sí. Ibẹ̀ sì ni àbúrò Ìbíwùmí wà. Ẹ̀rù ń bà á gidigidi, nítorí pupa ni tirẹ̀ ń yọ ṣáá.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kùrukùru bo fèrèsé. Ohùn jẹ́jẹ́ kan jáde nínú ẹ̀rọ: “Àlàní ra ọsàn mẹ́ta. Dúpẹ́ ra ìlọ́po méjì rẹ̀. Ọsàn mélòó ni Dúpẹ́ gbé lọ sílé?”

Ìbíwùmí dijú. Ó rí ìyá àgbà nínú kùrukùru, ọwọ́ rẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀, tó ń rẹ́rìn-ín sí Dúpẹ́. Ó lajú, ó tẹ èje. Pupa náà ló tún yọ.

Ọ̀gá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. “Kó àpò rẹ, ó tó gẹ́ẹ́.”

Omijé lé ròrò sójú ọmọ náà. Anti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. “Ìbíwùmí, kí ni ìlọ́po méjì ẹ̀ta?”

“Ẹ̀fà ni, mà.”

“Èwo wá ni èje?”

“Ẹ̀fà ló rà, mà. Ènì rẹ̀ ńkọ́? Ṣé oníbàárà á lọ láìgba ènì ni?”

Ẹ̀rọ ò kúkú nájà rí, níbo ni yóò ti mọ ènì? Anti ṣí àwọn pupa ọmọ náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí wọ́n bá ti ra nǹkan, ẹyọ kan ló fi ń lé.

“Ẹ̀rọ fi hàn wá pé ó ṣì í, sà,” ni Anti wí. “Ohun tó fà á, àwa la ò bi ọmọ náà.”

Ojú ti Ọ̀gá. Ó gba àpò lọ́wọ́ ọmọ náà, ó sì gbé àpò náà padà sórí àga rẹ̀.

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà Ìdí-Ọsàn kì í fi í yára dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Wọ́n á ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.