Osùn Tí Efúnyẹlá Tà fún Àwọn Ará Ilé Rẹ̀

Wò-ó-dáadáa-kó-o-tó-wọ̀-ọ́, awo òkè Ìlódò. Tẹ́tí-sílẹ̀-kó-o-gbọ́, awo ìsàlẹ̀ odò. Àwọn ló dífá fún Efúnyẹlá, ìyálé agboolé Ajípẹ́, lọ́jọ́ tí ọkàn rẹ̀ pín sí méjì.

Iṣẹ́ epo ni Efúnyẹlá ń ṣe. Ó ti fi ẹsẹ̀ tẹ epo nínú kòtò títí ìbàdí rẹ̀ ò fi jẹ́ kó nàró dáadáa mọ́. Ohun tó ń wá kò ju kó rí ibi jókòó jẹun lọ́jọ́ alẹ́. Ta ni kò wá irú ẹ̀?

Ìgbà náà ni àwọn olósùn kan dé sí Ìlódò, ìlú rẹ̀. Wọ́n múra, ẹnu wọn sì dùn. Wọ́n ní ọmọ tuntun tí wọ́n bá fi osùn àwọn pa lára, ńṣe ni yóò máa dán. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ti osùn ni wọ́n ń sọ jù. Wọ́n ní ẹni tó bá ra agbọ̀n kan ti di ara ẹgbẹ́. Kó lọ mú obìnrin mẹ́ta wá, kí àwọn náà ra agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, tirẹ̀ á wà nínú ohun tí wọ́n san. Bí àwọn yẹn bá tún mú àwọn mìíràn wá, tirẹ̀ á tún wà níbẹ̀.

Olórí wọn ní, “Ìyá, ẹ ò ní ṣe ju kẹ́ ẹ jókòó lọ. Owó ló máa wá yín wá sílé.”

Ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí wọ̀ ọ́ lára. Síbẹ̀ ẹ̀rù bà á díẹ̀, ló bá gba ọ̀dọ̀ awo lọ: ṣé kí òun wọ ẹgbẹ́ olósùn, àbí kí òun fi í sílẹ̀?

Awo ní kó rú ẹyẹlé, kó rú obì. Kó sì ru agbọ̀n osùn kan ṣoṣo lọ sí ọjà Ẹ̀gùdù, níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Kó jókòó síbẹ̀ títí ọjà yóò fi tú. Kó má dárúkọ ẹgbẹ́. Bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bá rà á nítorí osùn, kó wọ ẹgbẹ́. Bí wọn ò bá rà á, kó gbé agbọ̀n padà fún ẹni tó ni ín.

“Èmi, ìyálé agboolé Ajípẹ́, lẹ ní kí n lọ jókòó sáàárín àwọn tí ò ní kí mi?”

“Torí pé wọn ò ní kí yín náà ni,” ni awo wí.

Ó gbà pé wọ́n fẹ́ fi òun wọ́lẹ̀ ni. Ó gbọ́ ẹbọ, kò rú.

Ó ra agbọ̀n, ó wọ ẹgbẹ́, inú ilé ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í tà. Ẹ kúkú mọ bó ṣe rí ní agboolé: ìyálé kì í bẹ ìyàwó ilé, ó ń sọ fún un ni. Ta ló fẹ́ kọ̀ lójú ẹni tó wẹ àkọ́bí rẹ̀ fún un? Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n gbà á, wọ́n tún dúpẹ́. Inú Efúnyẹlá dùn, ó ní osùn ń tà. Kò mọ̀ pé ojú òun ni wọ́n ń wò. Àwẹ̀ró, ìyàwó tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé wọlé, ta aṣọ tí ìyá rẹ̀ hun fún un, ó fi ra agbọ̀n tirẹ̀.

Nígbà tó yá, kò ku obìnrin kan ní Ìlódò tí kì í ṣe olósùn. Ta ni kí wọ́n wá tà á fún? Osùn kún ìyẹ̀wù gbogbo. Àwọn àlejò tó gbé osùn wá ní àwọn ń lọ, àwọn ń bọ̀. Ẹ ò rí i, wọn ò tíì dé di òní.

Kò sẹ́ni tó bú Efúnyẹlá. Èyí ló burú jù. Wọ́n ń kúnlẹ̀ kí i bíi ti àtẹ̀yìnwá, ó sì ń tan ara rẹ̀ pé kò sí nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan ló ń kọjá lẹ́yìnkùlé, ó gbọ́ tí Àwẹ̀ró ń tọrọ aṣọ lọ́wọ́ orogún rẹ̀ kan.

“Bí ìyá bá bi yín,” ni Àwẹ̀ró ń wí, “ẹ ní mo gbé tèmi fún aláró ni. Mi ò fẹ́ kójú tì wọ́n.”

Bí ilẹ̀ bá lanu níbẹ̀, Efúnyẹlá ì bá wọ inú rẹ̀ lọ. Ìtìjú náà kò jẹ́ kó jẹun. Nígbà tó di ọjọ́ ọjà, ó ru agbọ̀n kan lọ sí Ẹ̀gùdù. Ẹnikẹ́ni kò kí i. Obìnrin kan fi ìka kan osùn rẹ̀, ó fi epo pò ó, ó fi í ra ẹ̀yìn ọwọ́, ó bú sẹ́rìn-ín.

“Ìyá, amọ̀ pupa lẹ gbé wá yìí o!”

Ó padà tọ awo lọ, kò lè gbé ojú sókè. Ó ní ṣé ẹbọ ò tíì pẹ́ jù? Wọ́n ní kò pẹ́, ṣùgbọ́n ó ti pọ̀ sí i. Kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gba agbọ̀n gbogbo padà, kó máa fi owó epo rẹ̀ san owó wọn padà díẹ̀díẹ̀, kó sì kúnlẹ̀ níbi tí wọ́n ti kúnlẹ̀ fún un.

Lọ́tẹ̀ yìí, ó rú u. Nígbà tó kúnlẹ̀ níwájú Àwẹ̀ró, ọmọ náà figbe ta.

“Ẹ dìde, ìyá! Ẹ má fi ìkúnlẹ̀ gégùn-ún fún mi!”

“Jẹ́ kí n kúnlẹ̀,” ni Efúnyẹlá wí. Omi ń dà lójú rẹ̀. “Aṣọ ìyá rẹ ni mo gbà lára rẹ.”

Ó padà sínú kòtò epo pẹ̀lú ìbàdí tó ń dùn ún. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n ó san án tán. Lẹ́yìn èyí, ó gbé epo tuntun kan fún Àwẹ̀ró kó rà. Àwẹ̀ró tọ́ ọ wò. Ó ní, “Ìyá, èyí ti kan díẹ̀. Mi ò rà á.” Efúnyẹlá jókòó sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì yin àwọn awo rẹ̀, torí pé ẹnì kan ti lè kọ̀ fún un nínú ilé.

Ifá ní kí ẹni tí wọ́n bá fi ìjókòó tàn rúbọ, kó gbọ́ràn sí awo lẹ́nu. Kó sì kọ́kọ́ gbé ọjà náà dé iwájú ẹni tí kò jẹ ẹ́ ní ìkúnlẹ̀ kankan.